Owó Ìdúró Ló Ń Pa Ilé Ìgbẹ̀bí Kékeré l'Ábùjá

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin dókítà, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, ẹ̀yin tí ẹ dá ilé ìgbẹ̀bí sílẹ̀ ní Kubwa, Lugbe, Nyanya àti Karu, títí dé Mararaba lápá Nasarawa, ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú iṣẹ́ òru. Ọ̀rọ̀ owó la wá sọ. Bí àwọn ìyá wa bá ń wúre fún aboyún, wọ́n á ní wẹ́rẹ́ lewé ń bọ́ lára igi, wọ́n á ní a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Gbogbo wa la máa ń ṣe àmín. Ẹni tó ni ilé ìgbẹ̀bí mọ̀ pé kí a tó gbóhùn méjèèjì, iná ti gbọ́dọ̀ wà, abẹ́rẹ́ tó tutù ti gbọ́dọ̀ wà nínú fíríìjì, nọ́ọ̀sì tí oorun kò kùn ti gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́, aboyún ì báà wá lóru ọjọ́ yẹn, kó má sì wá.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ìbímọ ni aboyún ń sanwó fún. Ìdúró ni àwa ń náwó lé lórí, ìyẹn kí ilé wà ní ṣíṣí, kí òṣìṣẹ́ sì wà ní sẹpẹ́, yálà aboyún wá tàbí kò wá. Ẹni tó ń taṣọ lè ti ṣọ́ọ̀bù bí ọjà bá dákẹ́. Ilé ìgbẹ̀bí tó bá tilẹ̀kùn ní aago méjì òru kì í ṣe ilé ìgbẹ̀bí mọ́. Ọ̀pọ̀ ilé tó kógbá wọlé nínú iṣẹ́ yìí, aboyún ò wọ́n wọn. Ohun tí wọ́n ń gbà lórí ìbímọ ni kò ká owó ìdúró, wọn ò sì mọ̀ títí owó ilé ọdún tó ń bọ̀ fi kanlẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí nọ́ọ̀sì. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. Bí nọ́ọ̀sì bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 40 lọ́sẹ̀, ẹni mẹ́rin ò tó láti jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo máa wà lẹ́nu iṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ẹ wá ro ìsinmi ọdọọdún, àìsàn, ìkómọ àti ìsìnkú mọ́ ọn, ó di márùn-ún. Ẹni márùn-ún, kí a tó lè rí ẹnì kan! Bẹ́ẹ̀ ìbímọ kan gba ẹni méjì: ọ̀kan fún ìyá, ọ̀kan fún ọmọ tí kò bá tètè ké. Ilé tó ní nọ́ọ̀sì mẹ́ta péré ń fi wákàtí 56 lọ́sẹ̀ sí ọrùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Oorun nọ́ọ̀sì ni irú ilé bẹ́ẹ̀ fi ń san gbèsè rẹ̀, ojú ìyá ìkókó ni gbèsè náà sì máa ń já sí: ẹ̀jẹ̀ tí wọn ò tètè rí, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tí wọn ò wọ̀n láàárín òru. Nígbà tí nọ́ọ̀sì náà bá sì rí ìwé ìrìnnà, ó ti lọ sí ìlú òyìnbó nìyẹn. Owó tí a ó fi wá ẹlòmíràn, tí a ó fi kọ́ ọ bí ilé wa ṣe ń ṣe, pọ̀ ju àfikún owó oṣù tí a kọ̀ láti fún ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ilé kan látòkèdélẹ̀. Àpẹẹrẹ ni àwọn iye tí a fẹ́ lò yìí, kí kálukú fi ti ilé tirẹ̀ rọ́pò wọn. Ká ní ilé náà ní bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà. Owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́, látorí dókítà títí dórí ọlọ́dẹ, jẹ́ ₦1,900,000. Owó ilé jẹ́ ₦4,800,000 lọ́dún, ìyẹn ₦400,000 lóṣù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni onílé ń gbà á. Iná àti dísù, ₦450,000. Omi, gáàsì àti ìkólẹ̀, ₦90,000. Ìwé àṣẹ gbogbo, tí a bá pín in sí oṣù méjìlá, ₦60,000. Owó tí a ń tọ́jú de ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, ₦200,000. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦3,100,000. Gbogbo èyí ti jáde kí a tó ya ìbọ̀wọ́ kan.

Bí aboyún 31 bá bímọ níbẹ̀ lóṣù, owó ìdúró orí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦100,000. Bí wọ́n bá jẹ́ 20, ó di ₦155,000. Bí wọ́n bá jẹ́ 12, ó lé ní ₦258,000. Nọ́ọ̀sì kan náà ni o, jẹnẹrétọ̀ kan náà ni. Ká wá ní ilé yìí ń gba ₦150,000 lórí ìbímọ tí kò mú wàhálà dání, tí ìbọ̀wọ́, abẹ́rẹ́, òwú, páàdì àti oúnjẹ sì kó ₦35,000 nínú rẹ̀. ₦115,000 ló kù tí yóò lọ kojú owó ìdúró. Ìbímọ 27 ló gbọ́dọ̀ wáyé lóṣù kí ilé náà tó bọ́ lọ́wọ́ gbèsè oṣù yẹn, bí owó mìíràn kò bá wọlé. Iye tiyín ńkọ́? Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè yìí lẹ́ẹ̀kan náà, inú òkùnkùn ló ń rìn. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri ọ́fíìsì níbi tí màtíróọ̀nù pẹ̀lú akọ̀wé owó ti ń rí i.

Ohun tí a máa ń ṣe dípò ìṣirò yìí ni pé a ó lọ wádìí iye tí ilé kejì ń gbà, a ó sì yọ ẹgbẹ̀rún márùn-ún kúrò níbẹ̀. Ilé kejì yẹn lè má san owó ilé rárá, kó jẹ́ pé ẹni tó dá a sílẹ̀ ló kọ́ ọ. Ó lè jẹ́ pé òun náà ń rì, ariwo ni kò tíì pa. Iye ẹlòmíràn kò lè sọ fún yín bóyá ẹ ó jẹun.

Owó ántínátà náà wà níbẹ̀ tí a fi ń ṣe ìjẹ ẹja. A ó gba táṣẹ́rẹ́ nítorí a gbà pé ọ̀dọ̀ wa ni ìyá náà yóò bímọ sí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìyàwó Yorùbá tó wà níhìn-ín, bí oyún bá ti wọ oṣù kẹjọ, Ìbàdàn, Ìlọrin tàbí Òṣogbo ni wọ́n ń kọjú sí, lọ́dọ̀ ìyá wọn, kí wọ́n lè rí ẹni tí yóò bá wọn wẹ ọmọ. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn, àṣà wa ni. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ìfúnpá, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀, skáànù, àsìkò dókítà, gbogbo rẹ̀ la ti ná tán. Kí ántínátà máa san owó ara rẹ̀. Kí ẹ béèrè ibi tí ìyá fẹ́ bí sí ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá, kí ẹ tún béèrè ní ọ̀sẹ̀ kejìlélọ́gbọ̀n, kí ẹ sì kọ ọ́ sí káàdì rẹ̀, kí ẹ lè mọ iye ìbímọ tó ń bọ̀ lóṣù kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, NERC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó iná mànàmáná, gbé owó iná àwọn oníbàárà Band A, àwọn tí wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 lójúmọ́ fún, láti ₦68 sí ₦225 lórí yúníìtì kan. Ó já wálẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, kò padà síbi tó wà. Síbẹ̀ iná ìjọba ṣì sàn ju dísù lọ fíìfíì. Ẹ wo ìkòkò tí a fi ń se ohun èlò iṣẹ́ abẹ, èyí tí a ń pè ní autoclave. Bó bá ń fa kílówáàtì mẹ́ta, tó sì ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, yúníìtì mẹ́ta ló jẹ, ₦675 ní iye ₦225. Bí a bá wá tan jẹnẹrétọ̀ 20 kVA nítorí rẹ̀ nìkan, lítà méjì sí mẹ́ta dísù ni yóò jẹ láàárín wákàtí yẹn. Bí lítà kan bá jẹ́ ₦1,100, ohun tí a ò bá fi ₦675 ṣe ti gba ₦2,200 sí ₦3,300. Nítorí náà, nígbà tí iná bá wà ni kí ẹ máa se ohun èlò, kí ẹ kó o pọ̀ sínú ìkòkò kan, kí ẹ ní pákì tó tó ìbímọ mẹ́rin tàbí márùn-ún nílẹ̀ kó má bàa di pé ọ̀kan ṣoṣo lẹ ń sáré se láàárín òru. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe dín àkókò rẹ̀ kù láti fi owó pamọ́. Ohun èlò tí a fi aṣọ wé, ìwọ̀n 121 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni, láti ìgbà tó ti gbóná dé ìwọ̀n yẹn, kì í ṣe láti ìgbà tí a tẹ bọ́tìnnì. Pákì tó bá jáde pẹ̀lú omi lára, ẹ tún un sè.

Ìnfátà àti sólà dára, bí a bá mọ ohun tí a so mọ́ ọn. Fíríìjì oògùn, gílóòbù yàrá ìbímọ, ẹ̀rọ tó ń fa itọ́ àti ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ: àwọn ni kó gbé. Ẹ̀rọ amúlétutù, pọ́ǹpù omi àti autoclave kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń mú ọmọ tuntun móoru ń fa iná gan-an. Ẹ jẹ́ kí oníná ṣírò tirẹ̀ sọ́tọ̀, nítorí òun ló máa ń gbẹ bátìrì kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ nídìí fíríìjì yẹn. Oxytocin, abẹ́rẹ́ tí a ń gún fún ìyá lẹ́yìn tí ọmọ bá ti jáde kí ilé ọmọ lè sún kì, kí ẹ̀jẹ̀ lè dáwọ́ dúró, ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló yẹ kó wà. Ooru oṣù Kẹta àti Ìkẹrin níhìn-ín, ẹ mọ̀ ọ́n. Ìgò oògùn tó ti gbóná kì í yí àwọ̀ padà, kì í rùn. Agbára rẹ̀ ló ń lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣí fíríìjì ọ̀pọ̀ ilé ìgbẹ̀bí, ẹ ó bá omi inú ọ̀rá, mínírà àti abọ́ ọbẹ̀ nọ́ọ̀sì, ìgò oxytocin á wá wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ti ń kàn án nígbàkígbà tẹ́nì kan bá fẹ́ mu omi. Ẹ ra fíríìjì kékeré tí kò ní gbé nǹkan mìíràn. Àárín ni kí oògùn wà, kó má kan ibi tó ń dì. Ẹ fi tẹmómítà sínú rẹ̀, kí ẹni tó ń gbaṣẹ́ kọ iye tó kà sílẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, kó sì fọwọ́ sí i. Ẹ kó yìnyín sínú ìgò fún ọjọ́ tí iná bá lọ pátápátá. Owó gbogbo èyí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òru ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ kò ṣiṣẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ ìyá kan kò sì dá.

Ẹ̀jẹ̀ yìí náà ni, yàtọ̀ sí ẹ̀mí tó ń gbà, ló ń kó owó ilé ìgbẹ̀bí lọ jù lóru kan ṣoṣo: oògùn, ẹ̀jẹ̀, dókítà tí a jí lójú oorun, epo ọkọ̀ dé ilé ìwòsàn ńlá ní Gwagwalada tàbí National Hospital. Ìwádìí E-MOTIVE, tí wọ́n gbé jáde ní 2023, tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tanzania àti Gúúsù Áfíríkà, fi hàn pé bí a bá tẹ́ ọ̀rá tó ní ìlà ìwọ̀n sábẹ́ ìyá, tí a sì fi ìfọwọ́ra ilé ọmọ, oxytocin, tranexamic acid tó ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti dì, àti omi tí a ń fà sínú iṣan lu ẹ̀jẹ̀ náà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìdúró de ọ̀kan kó tó kan èkejì, ẹ̀jẹ̀ tó burú àti àbájáde rẹ̀ ń fi ìdá 60 nínú 100 dín kù. Ojú lásán kì í mọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tó ti bá aṣọ lọ. Ọ̀rá yẹn kò wọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ gé ìnáwó, ẹ má gé e níbẹ̀.

Láti oṣù Kẹfà 2023 tí wọ́n ti jẹ́ kí náírà wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà, òwú ìránra, abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, ìbọ̀wọ́ àti oògùn ń bá dọ́là rìn. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bíi ₦470 ṣáájú ìgbà náà ti kọjá ₦1,500 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Ohun tó pa ọ̀pọ̀ ilé lọ́dún yẹn ni pé iye tí wọ́n ra ọjà ni wọ́n fi ń ṣírò owó tí wọn ó gbà, wọn ò fi iye tí wọn ó fi rà á padà ṣe é. Páálí ìbọ̀wọ́ tán, èrè wà nínú ìwé, owó tó wà lọ́wọ́ kò sì ra ìdajì páálí mọ́. Ẹ máa tún iye yín wò ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ̀yin ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ wà ládùúgbò kan náà, ẹ pawọ́ pọ̀ ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tó ní ìwé àṣẹ. Ọjà tó pọ̀ jù lọ́dọ̀ ẹnì kan náà kò dáa: oògùn tó kọjá ọjọ́ rẹ̀ lórí pẹpẹ, owó tó kú ni.

Ẹ jẹ́ ká kan HMO, ilé iṣẹ́ tó ń sanwó ìtọ́jú fún àwọn tó ní ìdójútòfò ìlera. Òfin ọdún 2022 ti NHIA, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí ìdójútòfò ìlera, sọ pé kí gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà ní ìdójútòfò ìlera. Owó tí HMO ń san fún yín lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín wà ní ₦750 lóṣù fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n tó gbé e dé ₦1,450 ní 2025. Orúkọ 400 á mú ₦580,000 wá lóṣù, yálà wọ́n ṣàìsàn tàbí wọn ò ṣe, owó tó bá ìdúró wa mu nìyẹn. Ìṣòro wà lápá ohun tí a kọ́kọ́ ṣe kí a tó béèrè owó rẹ̀. Bí HMO bá jẹ yín lówó oṣù mẹ́ta, ẹ̀yin lẹ yá a lówó oṣù mẹ́ta láìgba èlé. Ẹ wo ìwé tí wọ́n dá padà, ohun kékeré ló máa ń jẹ́: kóòdù àṣẹ tí a ò gbà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà ìyá tí a kọ ní àṣìkọ, ọjọ́ ìwọlé tí kò bá ti fáìlì mu, iṣẹ́ abẹ tí a ò fi ìdí rẹ̀ hàn. Kí ẹnì kan ṣoṣo máa bójú tó o. Kó kọ ìwé náà kí ìyá tó kúrò nílé, kó má di òpin oṣù. Kó ní ìwé kan tó pín gbèsè HMO kọ̀ọ̀kan sí ọgbọ̀n ọjọ́, ọgọ́ta, àádọ́rùn-ún. Èyí tó bá kọjá àádọ́rùn-ún, ẹ kọ lẹ́tà, kí ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí NHIA, kí ẹ má sì gba orúkọ tuntun lọ́dọ̀ rẹ̀ títí yóò fi san.

Ohun tó kàn yìí ló ń dun wá jù, nítorí ọwọ́ ara wa la fi ń ṣe é. Aboyún tó ń san díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀ dára púpọ̀. Àjọ ni, ẹ̀jẹ̀ wa mọ̀ ọ́n. ₦150,000 láti ọ̀sẹ̀ kejìlá oyún títí dé ogójì jẹ́ nǹkan bí ₦5,400 lọ́sẹ̀, aláṣọ, alágbo àti ìyá oníyán pàápàá lè ṣe é. Ṣùgbọ́n owó àjọ kì í ṣe ti olórí àjọ. Ilé tó bá fi owó àwọn tí yóò bí ní oṣù Kọkànlá san owó oṣù Kẹjọ ti jẹ èèbù rẹ̀. Ní Oṣù Kọkànlá, aboyún á dé, wọ́n ti san tán, kò sí kọ́bọ̀ tí a ó gbà lọ́wọ́ wọn, owó abẹ́rẹ́ kò sì sí. Ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í yá owó lórí fóònù nìyẹn. Ẹ ṣí àkáǹtì mìíràn. Gbogbo owó ìbímọ tí a san sílẹ̀, ibẹ̀ ni kó wọ̀. Ọjọ́ tí ọmọ bá ké ni kó tó kọjá sínú àkáǹtì ilé. Bí ìyá bá ní ìlú ìyá òun lòun ti fẹ́ bímọ, owó rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ dá a padà fún un láìjanpata.

Àwọn tí kò lówó wá ńkọ́? Abala 20 nínú òfin ìlera orílẹ̀-èdè, National Health Act ọdún 2014, kò fàyè gba kí a kọ ẹni tó wà nínú ewu sílẹ̀ fún ìdí yòówù. Ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì, ló wà lórí rẹ̀. Kí òfin tó sọ ọ́ ni ẹ̀rí ọkàn ti sọ ọ́. Ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí ìbílẹ̀ ní Mpape ní aago mẹ́ta òru, a ó gbà á. Nígbà náà, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sínú ìnáwó oṣù bí a ti ń kọ dísù, kó má máa jọ wá lójú. Ẹ wo ọdún tó kọjá, ẹ ka iye irú wọn, ẹ pín in sí méjìlá. Àti èyí tó burú jù: kí a dá ìyá ìkókó dúró ní wáàdù nítorí gbèsè. Ó lòdì sí ẹ̀tọ́ rẹ̀, kò sì mówó wá. Bẹ́ẹ̀dì tó ń lò, oúnjẹ tó ń jẹ, ọmọ tó lè kó àìsàn, àwa náà ló ń sanwó wọn. Àdéhùn díẹ̀díẹ̀ tí ọkọ àti ẹbí kan fọwọ́ sí, pẹ̀lú ọjọ́ tí a dá sí i, máa ń mú ju ìyẹn lọ. Bákan náà, ẹ mọ ilé ìwòsàn tó wà nínú ètò NHIA tó ń sanwó iṣẹ́ abẹ ìgbẹ̀bí fún àwọn aláìní. Ẹ wádìí rẹ̀ kí àìní tó dé.

Iṣẹ́ abẹ náà fẹ́ ọ̀rọ̀ tó ṣe tààrà. Ká ní a gba ₦600,000 lórí rẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ, oníṣègùn akunilóorun, nọ́ọ̀sì tíátà (yàrá iṣẹ́ abẹ) àti ohun èlò kó ₦400,000, ó ku ₦200,000. Èyí sún mọ́ ìlọ́po méjì ohun tí ìbímọ wọ́ọ́rọ́wọ́ ń fi sílẹ̀. Ilé tí oṣù rẹ̀ bá ti há, ojú dókítà rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìdí fún ọ̀bẹ níbi tí ìdí kò sí. A ò fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Owó ló ń ṣe èèyàn bẹ́ẹ̀ láìmọ̀. Ẹ jẹ́ kí iye ìbímọ wọ́ọ́rọ́wọ́ gbé owó ìdúró rẹ̀ pérépéré, kí àlàfo àárín méjèèjì dín kù. Ẹni tó ń pinnu pé kí a ṣiṣẹ́ abẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí owó rẹ̀ ń pọ̀ sí i bí a bá ṣe é. Kí ìwé ìrọbí, èyí tí a fi ń tọpa bí ìrọbí ṣe ń lọ, wà nínú gbogbo fáìlì, kí ẹ sì jókòó kà wọ́n lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Ìwé àṣẹ kò gùn: PHERMC tó ń forúkọ ilé ìwòsàn aládàáni sílẹ̀ l'Ábùjá, ìwé iṣẹ́ dókítà àti nọ́ọ̀sì, ìdọ̀tí lọ́dọ̀ AEPB, àjọ àyíká Àbújá, pátákó ìta, panápaná, owó ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń parí sí kàlẹ́ńdà kan. Ìtanràn àti ilẹ̀kùn tí a fi èdìdì dì ló wọ́n, ìwé fúnra rẹ̀ kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti owó yíyá, CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, gbé òdiwọ̀n èlé rẹ̀ dé 27.5 nínú 100 ní oṣù Kọkànlá 2024, báńkì á sì fi tirẹ̀ lé e. Bí ẹ bá fẹ́ yá ₦6,000,000 ra ẹ̀rọ skáànù ní èlé 30 nínú 100 fún ọdún méjì, nǹkan bí ₦335,000 ni ẹ ó máa san lóṣù. Bí ₦5,000 bá ń kù lórí skáànù kan lẹ́yìn ìpín ẹni tó ń ṣe é, 67 ni ẹ gbọ́dọ̀ ṣe lóṣù kí ẹ̀rọ tó san ara rẹ̀. Bí ẹ ò bá rí aboyún tó tó bẹ́ẹ̀, ẹ bá ilé skáànù ìtòsí ṣàdéhùn.

Ìbéèrè ìkẹyìn ni ti tíátà. Bí ìṣirò oṣù mẹ́fà bá fi hàn pé iṣẹ́ abẹ kò ju méjì lọ lóṣù, tíátà yẹn ń jẹ owó ilé ìgbẹ̀bí, ọwọ́ àwọn tó ń lò ó pàápàá yóò ti lẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú kí a tì í, kí a máa gba ìbímọ tí kò ní ewu nìkan. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tì í, ẹ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú ilé ìwòsàn ńlá kan tó máa ń gbàlejò lóru. Ẹ kọ ohun tí yóò mú kí ìyá kúrò lọ́dọ̀ yín sílẹ̀: ìfúnpá tó dé 160 lókè tàbí 110 nísàlẹ̀, ọmọ tó fi ìdí síwájú, ẹni tí a ti ṣiṣẹ́ abẹ fún rí, ìrọbí tí kò tẹ̀ síwájú lórí ìwé. Abẹ́rẹ́ magnesium sulphate àkọ́kọ́, èyí tó ń dá gìrì dúró, gbọ́dọ̀ wọlé sára ẹni tó bá ń gìrì kó tó wọ ọkọ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n gún sì gbọ́dọ̀ wà ní gbogbo ṣíìfù. Nọ́ńbà fóònù méjì ti ibi tí a ń lọ kí ó wà lára ògiri, nọ́ọ̀sì kan gbọ́dọ̀ bá ìyá lọ, ọkọ̀ náà kò sì gbọ́dọ̀ sùn pẹ̀lú epo tó dín ní ìdajì táńkì.